Ọ̀rọ̀ Mẹ́fà nínú Ìwé Ẹjọ́

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá wa rojọ́ ni wọ́n ń sọ. Wọn kò sọ fún wa pé ènìyàn lè ti kóòtù bọ̀ kí òun àti ara rẹ̀ má ṣọ̀rẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún 2003 nìyẹn.

Ní ọdún náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo agboolé wa ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ jẹ́rìí ní kóòtù gíga kan. Ilẹ̀ oko ni ẹjọ́ náà dá lé. Bàbá bàbá mi ni ó fi àlejò kan jókòó sórí ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá fún ẹni tí ó bá ti ibòmíràn wá tí kò sì ní ibi tí yóò dáko sí. Lọ́dọọdún ni àlejò yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń ru iṣu wá fún wa gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí ó kan àwọn ọmọ-ọmọ, iṣu kò wá mọ́. Ohun tí a gbọ́ ni pé wọ́n ti ń gé ilẹ̀ náà tà ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé. Ni ẹbí wa bá pe ẹjọ́.

Ìyá Àgbà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Kò gbọ́ Òyìnbó. Akọ̀wé kóòtù ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí. Adájọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun gbogbo sílẹ̀, nítorí náà ni ògbufọ̀ ṣe ń fi ìkánjú gé ọ̀rọ̀ kúrú, kí ọwọ́ adájọ́ lè bá a. Nígbà tí lọ́yà wa bi Ìyá Àgbà léèrè bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe dé orí ilẹ̀ náà, ó fèsì láì ronú lẹ́ẹ̀mejì pé: "Bàbá wa ni ó fún wọn ní ilẹ̀ náà, pé kí wọ́n máa fi jẹun, ọ̀pẹ orí rẹ̀, tiwa ni."

Ẹni tí a bí sí oko nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí gbólóhùn yìí. Bí ìyá kan bá fún ọmọ aládùúgbò ní igbá pé kí ó fi bu omi, ta ni yóò sọ pé igbá ti di ti ọmọ náà? "Fún" nínú èdè wa gba ẹ̀bùn, ó gba àwìn, ó gba àṣẹ láti lo nǹkan. Ohun tí ó bá tẹ̀ lé e ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. "Kí wọ́n máa fi jẹun" ni ó sọ pé oko dídá nìkan ni a gbà wọ́n láyè láti ṣe. Ti ọ̀pẹ ni ó sì fi èdìdì dì í, nítorí pé ẹni tí a bá fi ilẹ̀ ta lọ́rẹ pátápátá kò ní máa wo onílẹ̀ àtijọ́ kí ó wá máa kọ ọ̀pẹ lórí rẹ̀. Obìnrin tí kò ka ìwé rí ti ṣe àlàyé òfin ilẹ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó mẹ́fà ni ògbufọ̀ sọ. Ìtumọ̀ wọn ni pé bàbá wa fi ilẹ̀ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Adájọ́ kọ ọ́, ó gbé ojú sókè, ó ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ jíjẹun àti ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ wọ inú afẹ́fẹ́ lọ.

Mo jókòó sí ìjókòó kẹta lẹ́yìn. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni láti mọ̀ pé "fún" kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ohun tí Ìyá Àgbà sọ, mo sì gbọ́ ohun tí ògbufọ̀ sọ, mo sì dákẹ́, nítorí pé ẹni tí ó wá wòran kò ní ẹnu ní kóòtù. Ìyẹn ni mo sọ fún ara mi. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ sinmi díẹ̀, mo sáré bá lọ́yà wa lábẹ́ igi níta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó já fáfá ni. Ó ti ka gbogbo ìwé tí ó kan ẹjọ́ náà ní àkàtúnkà. Ọmọ Yorùbá ni, Òyìnbó ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ohun tí Màmá sọ náà nìyẹn ni?"

Kò parọ́. Ohun tí òun náà gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ó gbìyànjú láti bi Màmá ní ìbéèrè mìíràn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà kejì dìde pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu, adájọ́ sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹjọ́ náà dá wa lẹ́bi. A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ni ó jókòó lórí rẹ̀, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá ṣe? Ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni wọ́n ń kà, Òyìnbó nìkan ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èdè tí ẹlẹ́rìí fi sọ̀rọ̀ kì í dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn ni ó dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí n óò di ẹ̀bi lé lórí. Mo kọ́kọ́ dì í lé ògbufọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní apá kẹrìndínlógójì, sọ pé ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láì san kọ́bọ̀ bí kò bá gbọ́ èdè tí a fi ń ṣe ẹjọ́ náà. Ohun tí ó dára ni. Kò sọ bí ògbufọ̀ náà yóò ṣe kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún dì í lé lọ́yà wa lórí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pẹ́ lọ́kàn mi, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ṣe gbogbo ohun tí a ní kí ó ṣe kí ó tó di lọ́yà. Èyí ni ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí a ní kí wọ́n ṣe. Mo gba ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ní ẹ̀ka òfin, mo sì kà á bí ẹni ń ka ìwé ìtàn.

Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó bá gba ìdánwò JAMB wọlé yóò lò. Mẹ́rin ni fún ẹni tí ó bá ti ìpele gíga wọlé. Kí ó tó wọlé rárá, ó gbọ́dọ̀ yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì tún ń béèrè Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Bí ó bá wọlé, ẹ̀kọ́ lílo Gẹ̀ẹ́sì tún ń dúró dè é ní ọdún kìn-ín-ní, dandan sì ni. Lẹ́yìn èyí ni òfin àdéhùn, òfin ọ̀daràn, òfin ìṣèjọba, òfin ilẹ̀, òfin ẹ̀rí, òfin káràkátà àti ti ilé-iṣẹ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀tì, tí ó ń sọ nípa ìgbà tí ẹni tí a ṣe ní jàǹbá lè gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lórí ohun tí òfin jẹ́ gan-an, kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún ìparí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wà ní ipò kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 4.50 nínú 5.

Oyè yìí nìkan kò sọ ènìyàn di lọ́yà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, tí òfin ọdún 1962 dá sílẹ̀, tí olú rẹ̀ sì kúrò ní Èkó lọ sí Bwari ní ọdún 1997, wà níwájú. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti kọ́ bí a ti ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn àti èyí tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, iṣẹ́ lọ́yà lórí ohun-ìní àti lórí ilé-iṣẹ́, àti ìwà tí ó yẹ ẹni tí ó wọ aṣọ dúdú náà. Wọn yóò lọ jókòó ní kóòtù àti ní ọ́fíìsì lọ́yà láti wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. Wọn yóò sì jẹ oúnjẹ alẹ́. Àwàdà kọ́: lára ohun tí a fi ń mọ̀ pé ènìyàn yẹ ní lọ́yà ni pé ó ti bá àwọn àgbà iṣẹ́ náà jókòó jẹ oúnjẹ alẹ́ iye ìgbà tí a là sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, ní aṣọ tí ó yẹ. Àṣà tí a jogún láti Lọ́ńdọ̀nù ni, n kò sì bá a jà; àjẹpọ̀ dára láàrin àwọn tí yóò máa bá ara wọn jà níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n mo wá inú ìwé náà láti páálí dé páálí, n kò rí ibi tí a ti dán an wò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ti àgbàlagbà kan láti abúlé, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó sọ.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà dùn mí ni pé nítorí irú àlébù yìí gan-an ni a ṣe dá ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ nílé. Láti ìgbà Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888, ìlú Òyìnbó ni ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ti ń lọ kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ́ òfin ilẹ̀ Òyìnbó, wọ́n sì ń bọ̀ wálé wá máa rojọ́ lórí ilẹ̀ ẹbí. Ní ọdún 1959 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Unsworth, agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún kò bá ohun tí a nílò nílé mu. Ni Nsukka bá bẹ̀rẹ̀ ní 1961, tí Èkó àti Ifẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1962. Wọ́n mú òfin ìbílẹ̀ wọ inú ẹ̀kọ́. Òtítọ́ ni wọ́n mú un wọlé. Ṣùgbọ́n Òyìnbó ni wọ́n fi mú un wọlé, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó wà nínú rẹ̀ sì di bí ẹja tí a gbé sórí ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan kan ilẹ̀kùn mi, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni ìdí tí àwọn bàbá wa fi ń pín ogún bí ìdì igi?" N kò yé e rárá. Ó na ìwé ẹjọ́ kan sí mi: ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù parí ní 1962, nígbà tí a ti gba òmìnira ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ wa ṣì ń rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni ó ń kà á. Ọkùnrin kan kú láì ṣe ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé kí a pín ohun-ìní rẹ̀ ní ìdí-igi, kí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan nínú mẹ́rin, ni àbí kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan nínú mẹ́sàn-án? Fún ọmọ tí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní orí-ò-jorí ni ó bá ẹ̀tọ́ mu. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà ìgbà náà yí i padà sí ìdí-igi, àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù sì fara mọ́ èyí. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kàn fi ojú àwùjọ tí ọkùnrin ń fẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo wo àwùjọ tí wọ́n ti ń fẹ́ ju ẹyọ kan lọ.

Ẹjọ́ tí ó dùn-ún kà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì tí gbogbo rẹ̀ dá lé. "Idi igi" ni ọmọ náà rí, ìdì igi ni ó kà, ìyẹn igi ìdáná tí a dì tí a rù wálé. Ó ti jókòó ronú, ó sì ti hun ìtumọ̀ kan fún un pé bóyá a ń di ogún ní ìdì kọ̀ọ̀kan fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan. N kò lè fi í rẹ́rìn-ín. Fún ẹni tí kò rí àmì ohùn, èrò ọlọ́pọlọ ni. Mo sọ fún un pé ìdí ni, ìdí igi tí gbòǹgbò wà. Ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìdí rẹ̀. Mo ní orí kan kò ju orí kan lọ ni orí-ò-jorí. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní: "Sà, a jẹ́ pé àwọn tí ó ń sọ orí-ò-jorí ti fi èsì ẹjọ́ náà sínú orúkọ rẹ̀." Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ́ni ní Yorùbá, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. (Dawodu tí ó jẹ́ orúkọ olùpẹjọ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ òfin ni ní Èkó: dáwódù ni àrẹ̀mọ tí ó di olórí ẹbí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé orúkọ ènìyàn lásán ni.)

Ní ọdún 2022 ni àjọ NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún gbogbo yunifásítì, ìyẹn èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Àjọ náà la ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó fi ọgbọ̀n yòókù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá wù ú dí i. Nígbà tí wọ́n pè mí sí ìgbìmọ̀ tí yóò dí ọgbọ̀n náà ní ẹ̀ka òfin tiwa, mo mọ̀ pé àǹfààní tí mo ti ń dúró dè láti 2003 ni ó dé. Mo mú ìwé lọ. Mo béèrè pé kí Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin di dandan, kí ẹnikẹ́ni má sì gba oyè láì yege nínú rẹ̀.

Obìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà nínú òfin ni ó dá mi lóhùn. Ó ní: "Dókítà, ẹ ṣeun. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wá láti Benue ńkọ́? Èyí tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ní Enugu tàbí Kano ńkọ́? Ṣé a óò torí Yorùbá dá oyè rẹ̀ dúró ni?" Ó ní àwọn ọmọ náà ti ń ru ẹrù tí ó ju agbára wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ èyí tí ó gún mi lọ́kàn: ó ní kì í ṣe Yorùbá ni lọ́yà ìyá mi kò gbọ́, ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tí ó yẹ kí ó dìde kí ó sì sọ fún adájọ́ pé ìtumọ̀ kò pé. Bí ẹlẹ́rìí náà bá jẹ́ ọmọ Tiv tí lọ́yà kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìṣòro kan náà ni.

Mo lọ sílé pẹ̀lú ìbínú. Ìgbà tí ìbínú náà rọ̀ ni mo jẹ́wọ́ fún ara mi pé apá kan ohun tí mo ń jà fún ni ẹ̀ka tèmi, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń dín kù lọ́dọọdún. Ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí a bá fi dandan mú wọlé yóò mú kí ojú wa funfun. Ohun tí obìnrin náà sọ dára ju ohun tí mo mú lọ lọ. Síbẹ̀ n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán. Lọ́yà wa gbọ́ Yorùbá ní etí, ó gbọ́ "fún", kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ó béèrè irú "fún" tí ó jẹ́. Kí ènìyàn tó lè mọ ìgbà tí ìtumọ̀ kò pé, èdè kan gbọ́dọ̀ ti yé e dé inú.

Àwa méjèèjì ni a jọ tún ìwé náà kọ. A pè é ní ẹ̀kọ́ lórí gbígba ẹ̀rí ẹnu láti ẹnu ẹni tí kò gbọ́ Òyìnbó. Bí ògbufọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀, bí a ti ń tako ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Yorùbá sì ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilẹ̀ Yorùbá ni a wà. Ìgbìmọ̀ gbà á, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀kọ́ olówó-ẹyọ méjì ni, ní ìpele kejì. Ẹni tí ó bá wù lè yàn án, ẹni tí kò bá wù sì lè fi í sílẹ̀ kí ó sì gba oyè rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Oúnjẹ alẹ́ ṣì jẹ́ dandan.

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá ni ó yàn án nígbà àkọ́kọ́. Ìyá Àgbà ti kú nígbà náà. Ilé alájà méjì ti wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún, wọ́n sì ti gé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pẹ. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ya ojú ewé kan nínú rẹ̀, mo fi tádàwá pa orúkọ gbogbo rẹ́, mo sì fi fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn, kí wọ́n sì sọ fún mi ohun tí obìnrin àgbàlagbà náà sọ ní èdè rẹ̀. Mẹ́wàá nínú wọn kọ ọ́ pé bàbá wa fún wọn ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi àmì ìdánudúró sí i. Ẹnì kọkànlá, ọmọbìnrin kan tí kì í ṣe Yorùbá, kò kọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ibi tí ìyá náà dúró sí nìyí, àbí ibi tí ògbufọ̀ dúró sí?"

Mo jókòó lórí àga mi, mo sì sọ ọ́ fún wọn bí Ìyá Àgbà ti sọ ọ́, láti orí ilẹ̀ dé orí ọ̀pẹ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.